Fífi Ẹ̀yà Àfikún Sára Ọkọ̀ Olórùlé Ṣíṣí ní Accra

Ọkọ̀ olórùlé ṣíṣí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn kí ojú ọ̀run lè hàn sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, yálà aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi ṣe òrùlé náà tàbí irin. Ẹ̀yà àfikún ni orí ìwé yìí yóò máa pe gbogbo ohun tí ọlọ́kọ̀ bá fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tí kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ló ṣe ohun ọ̀hún: ríìmù, sáléńsà, sípíríǹgì, rédíò, bọ́ńpà, àti ètò tuntun fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gba àlàyé lọ́tọ̀ ní Accra ni pé àwọn ará Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà àfikún fi sọ́kàn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí ọ̀nà ti tẹ́jú, tí bẹntiróòlù tó lágbára sì wà káàkiri, nígbà tó jẹ́ pé etí òkun ni Accra wà, tí ooru, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́, àgbàrá òjò àti òkìtì adínsáré sì jọ ń bá ọkọ̀ jà níbẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní títí dé ìkejìlá. Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sórí ohun tí yóò mú kí ọkọ̀ tutù, kí inú rẹ̀ gbẹ, kí ó sì dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹwà, agbára ẹ́ńjìnnì ló sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ ń béèrè.

Kí àlàyé má baà fò lófuurufú, ọkọ̀ kan pàtó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Mercedes-Benz SL tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́ R230, tí wọ́n ṣe ní ìlú Bremen ní Jámánì láti ọdún 2001 títí di ọdún 2011. Òrùlé irin ni ó ní, tí ẹ̀rọ òróró ìfúnpá máa ń ká sínú búùtù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 16, èyí tí AMG, ẹka Mercedes tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì alágbára, kọ́kọ́ gbé jáde nínú wọn, ìyẹn SL 55 AMG, sì ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí supercharger, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá, ń ràn lọ́wọ́ títí agbára rẹ̀ fi tó agbára ẹṣin 476. Ó dára fún àpẹẹrẹ nítorí pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀ lọ́jà tòkunbọ̀ débi pé ẹni tí kò lè ra ọkọ̀ tuntun lè rà á, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kò bá owó náà wálẹ̀ rárá, àárín ohun méjèèjì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti ń ṣubú. Ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀ kan Porsche Boxster, BMW Z4 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú, àyàfi níbi tí a bá ti dárúkọ ẹ̀rọ tó jẹ́ ti SL nìkan.

Ẹni tó bá rò pé àfikún ṣíṣe jẹ́ ìwà àìmọ̀kan ní láti rántí pé AMG fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ àfikún. Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1967 láti máa fi kún agbára ẹ́ńjìnnì Mercedes fún ìdíje, ọdún 1999 sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Mercedes tó ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Brabus tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Bottrop ní ọdún 1977, Lorinser, Kleemann ti orílẹ̀-èdè Denmark, àti Renntech tó wà ní Florida ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló ti ṣe ẹ̀yà fún SL yìí, iṣẹ́ wọn sì ní ìwé àyẹ̀wò lẹ́yìn. Ìṣòro tí Accra ní pẹ̀lú ẹ̀yà àfikún ni ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí, àti ojúlówó tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá.

Àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń fi nǹkan kún lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Tema. Kí ọlọ́kọ̀ tó ra ríìmù kan ṣoṣo, ó yẹ kó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí àwọn ará Gánà ń pè ní fítà, tó ní kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ti Mercedes gan-an, kì í ṣe èyí tó kàn lè ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì nìkan, nítorí pé kọ̀ǹpútà kéékèèké tó pọ̀ ló wà nínú SL, tí èyí tó ń darí òrùlé, èyí tó ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti èyí tó ń darí bíréèkì sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àìsàn tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bátìrì méjì ni ọkọ̀ náà ní, ọ̀kan níwájú fún títa ẹ́ńjìnnì, ìkejì nínú búùtù fún àwọn ohun èlò yòókù. Bí ti búùtù bá ti rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀nyí yóò máa ké ìbòsí èké, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sì ti ra páńpù àti sẹ́ńsọ̀ tí wọn kò nílò nígbà tó jẹ́ pé bátìrì ni wọn ìbá pààrọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní AGM, tí omi kíkan inú rẹ̀ kì í dà sílẹ̀, ló yẹ búùtù. Bátìrì olómi lásán kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, nítorí ooru rẹ̀ àti èéfín kíkan rẹ̀ ń jẹ wáyà àti irin tó yí i ká.

Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ní Gánà, tó wà nítòsí Kaneshie, ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe yìí yóò ti rí ẹ̀yà rẹ̀, àwọn fítà tó wà ní Kokompe kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ra nǹkan gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà ara ọkọ̀ dání, ìyẹn àmì 17 tó wà lára ọkọ̀ àti nínú ìwé rẹ̀, kí ó sì ti wá nọ́ńbà ẹ̀yà tó fẹ́ kí ó tó kúrò nílé: ẹ̀yà Mercedes máa ń ní lẹ́tà A níwájú nọ́ńbà mẹ́wàá, mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà sì sábà máa ń sọ irú ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, bí 230 fún ara SL yìí, àti 113 fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà béèrè yóò gba ohun tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe yóò gba ohun tó jọ ọ́. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Accra tún máa ń ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Mushin, ní ìlú Èkó, kí wọ́n fi ẹ̀yà ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Aflao, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ fún ọkọ̀ ara ẹni, tí ìwé ìrajà wà, tí wọ́n sì san owó aṣọ́bodè. Títa irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú ọjà ni kò yẹ kí àjèjì dáwọ́ lé, nítorí pé òfin ìdókòwò Gánà ti ọdún 2013 fi kárà-kátà inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílùú, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ ní Abossey Okai ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ooru

Ẹ́ńjìnnì SL 55 ń tutù lọ́nà méjì tí kò pa ara wọn pọ̀. Omi rádíétọ̀ ń tu ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nígbà tí omi mìíràn, tó ní páńpù iná mànàmáná tirẹ̀ àti rádíétọ̀ kékeré tirẹ̀ níwájú ọkọ̀, ń tu afẹ́fẹ́ tí supercharger ti fún pọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́, kì í ru iná dáadáa. Bí páńpù kékeré yìí bá kú, iná ìkìlọ̀ kankan kì í tàn. Ohun tí awakọ̀ yóò rí ni pé ọkọ̀ tó ta bí ọfà láàárọ̀ ti di ọ̀lẹ ní ọ̀sán, nígbà tó bá ti dúró fún wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Spintex. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ń dín agbára kù láti dáàbò bo pístìnì, ó sì ń ṣe ohun tó yẹ. Páńpù tó lágbára ju ti àtilẹ̀wá lọ àti rádíétọ̀ iwájú tó fẹ̀ jù ú lọ ni àfikún tó lérè jù lọ fún ọkọ̀ yìí ní Accra, níbi tí ooru ọ̀sán ti máa ń tó díẹ̀gírì 32 tàbí 33 ní oṣù Kẹta, nítorí pé wọ́n ń dá agbára tí ọlọ́kọ̀ ti rà tẹ́lẹ̀ padà fún un láìfi kún ìnira ẹ́ńjìnnì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí asẹ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n máa ń polówó asẹ́ olówùú tí wọ́n fi òróró pa, pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá ju bó ṣe ń gba inú asẹ́ oníwèé lọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá náà ló ń jẹ́ kí eruku lẹ́búlẹ́bú kọjá, òróró rẹ̀ sì lè bo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá sí etí òkun, asẹ́ oníwèé ojúlówó tí wọ́n ń pààrọ̀ nígbàgbogbo sàn jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bákan náà ni asẹ́ tí wọ́n yọ kúrò nínú àpótí rẹ̀ kí ó lè máa pariwo lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì: afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti mú gbóná ni yóò máa fà sínú, agbára tí kò ní sì ni ariwo rẹ̀ ń kéde.

Fún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, àga tó ní fáànù nínú àti awọ tó ń dá ìtànṣán oòrùn padà ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí ọrùn, èyí tí àwọn olùtajà ṣì ń ka mọ́ ohun ìyangàn fún ọkọ̀ olórùlé ṣíṣí. Àwọ̀n adáfẹ́fẹ́dúró, tí wọ́n ń gbé dúró lẹ́yìn àga kí afẹ́fẹ́ má baà yí padà lu awakọ̀ lórí, jẹ́ ohun kékeré tí kò wọ́n, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ bí òrùlé tilẹ̀ ṣí.

Òrùlé àti omi òjò

Òjò Accra máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ó sì ń le jù ní oṣù Kẹfà. Kí oṣù Kẹrin tó dé, ihò tí omi ń gbà kúrò lábẹ́ òrùlé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù gbọ́dọ̀ ti ṣí, nítorí pé ewé wẹ́wẹ́ igi dóńgóyárò tí wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ àgbàlá nílùú náà bá ihò wọ̀nyí mu rẹ́gí, bí wọ́n bá sì ti dí, inú búùtù ni omi yóò wọ̀, níbi tí bátìrì kejì, páńpù tó ń ti ìlẹ̀kùn àti àwọn kọ̀ǹpútà kan wà. Okùn ọ̀rá rírọ̀ ni kí wọ́n fi là wọ́n. Afẹ́fẹ́ onífúnpá lè já páìpù tó gbé omi jáde kúrò lára ọkọ̀, kí omi sì máa dà sí inú ilé ọkọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Rọ́bà tó yí òrùlé ká nílò òróró silíkóònì tàbí òróró rọ́bà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi gíríìsì lásán tàbí òróró ẹ́ńjìnnì pa á, nítorí pé wọ́n ń mú rọ́bà wú.

Sílíńdà òróró tó ń gbé òrùlé máa ń jò bí ó bá pẹ́, pàápàá nínú ooru, ìpààrọ̀ rọ́bà inú wọn sì jẹ́ iṣẹ́ tí fítà tó ní sùúrù lè ṣe láìra sílíńdà tuntun. Àfikún kan wà tó wúlò níhìn-ín, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ kí òrùlé máa pa dé nígbà tí ọkọ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òjò Accra kì í fún ènìyàn láyè láti wá ibi tí yóò dúró sí. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ìbòrí ẹrù inú búùtù gbọ́dọ̀ wà nípò rẹ̀ kí òrùlé tó lè rìn, àwọn tó sì fi àpótí gbohùngbohùn ńlá dí ibẹ̀, tí wọ́n wá fi wáyà tan sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ, ti rí i tí gíláàsì ẹ̀yìn fọ́ mọ́ àpótí náà.

Ìkún omi ṣe pàtàkì ju òjò lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, omi kún Kwame Nkrumah Circle, iná sì bẹ́ ní ilé epo tí àwọn ènìyàn sá sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní 150 ló sì bọ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi máa ń gbà, bí Circle, Kaneshie àti Alajo, kí ó sì yí padà nígbà tí ọ̀nà bá ṣì ṣí. Kò sí ẹ̀yà kankan lọ́jà tó lè gba SL kọjá omi tó dé àárín ríìmù.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀, ríìmù àti táyà

Yíyọ òrùlé kúrò lórí ọkọ̀ dà bí yíyọ ìdérí kúrò lórí páálí bàtà: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa yí nígbà tí wọ́n bá gbé e. Àwọn tó ṣe SL fi irin tó nípọn kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí èyí, síbẹ̀ bí wọ́n bá fi sípíríǹgì líle ti ọkọ̀ ìdíje sí i, ìgbọ̀nrìrì kòtò ọ̀nà yóò gba inú ara ọkọ̀ dé fèrèsé iwájú, dáṣíbọ́ọ̀dù yóò sì máa dún. Fún ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, ọ̀pá agbáradúró tó so orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ wúlò ju sípíríǹgì kúkúrú lọ.

SL 55 kò tilẹ̀ lo sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lásán. Ètò tó gbé e dúró ni wọ́n ń pè ní ABC, nínú èyí tí páńpù ń fi òróró tó ní ìfúnpá tó nǹkan bí bar 200 ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè sódò kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ nígbà tó bá ń yí kọ́nà, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ inú táyà kì í sábà ju bar mẹ́ta lọ. Òróró ìfúnpá tó ń jẹ́ CHF 11S nìkan ló yẹ é. Òróró pupa tí wọ́n ń bù sí gíyà, tí àwọn kan máa ń bù sí i nítorí pé ó wà nítòsí, yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, ọlọ́kọ̀ yóò sì wá sọ pé ABC kò dára fún ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ òróró àti asẹ́ rẹ̀ lásìkò, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù irin oníafẹ́fẹ́ tó ń gba ìfúnpá rẹ̀ dúró, ABC dára ju ohunkóhun tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, pàápàá nítorí pé ó ní bọ́tìnì tó ń gbé ọkọ̀ sókè, èyí tó ń gba bọ́ńpà là lórí òkìtì adínsáré. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ lè lo kọ̀ǹpútà kékeré tó ń bá ABC sọ̀rọ̀, nítorí pé ó ṣeé yọ, ó sì ṣeé yí padà láti inú ọkọ̀ nígbà tó bá dé àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára.

Ọ̀rọ̀ ríìmù jẹ́ ti ìṣirò. Táyà iwájú SL 55 tó jẹ́ 255/40 R18 ní ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó ga ní mìlímítà 102, nítorí pé 40 náà túmọ̀ sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú 255. Bí ọlọ́kọ̀ bá gbé e lọ sí ríìmù ínṣì 20, táyà 255/30 ni yóò mú kí gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà yóò sì di mìlímítà 76 àti ààbọ̀. Ínṣì kan ti lọ nínú ohun tó wà láàárín ríìmù àti kòtò, ínṣì yẹn gan-an ló sì máa ń ya ríìmù tó tẹ̀ kúrò lára èyí tó yè. Fún ọ̀nà Accra, ínṣì 18 ló dára jù, 19 ni òpin. Ríìmù tí wọ́n fi ìfúnpá rọ wọ́n ju èyí tí wọ́n dà sínú àpẹẹrẹ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ko kòtò, ó máa ń tẹ̀ ni, nígbà tí èyí tí wọ́n dà lè sán lójijì. Kí ọlọ́kọ̀ wo ẹ̀yìn ríìmù, níbi tí ojúlówó máa ń kọ ìwúwo tó lè gbé sí ní kílógíráàmù, kí ó sì pín ìwúwo tí wọ́n kọ sí ara ọkọ̀ fún ẹsẹ̀ iwájú tàbí ti ẹ̀yìn sí méjì. Ríìmù tí kò bá gbé tó ìdajì yẹn kò yẹ ọkọ̀ náà, bó ti wù kó dán tó. Ihò bóòtì Mercedes jẹ́ márùn-ún lórí òbìrí mìlímítà 112, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ 66.6, bí ti ríìmù bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, òrùka tó dí àlàfo náà pọn dandan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lórí òpópónà Accra sí Tema.

Táyà tòkunbọ̀ kò yẹ kí ó dé abẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ooru àti eré sísá ló ń bẹ́ táyà tó ti gbó láti inú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn àmì DOT ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Kí wọ́n tún wo lẹ́tà eré, nínú èyí tí W dúró fún kìlómítà 270 láàárín wákàtí kan, tí Y sì dúró fún 300. Kò sí ọ̀nà kankan ní Gánà tí òfin ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti sáré dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n ṣe fún eré gíga máa ń fara da ooru ju èyí tí wọn kò ṣe fún un lọ.

Bíréèkì

Ìkìlọ̀ tó wà nínú abala yìí kan ara àti ìka ènìyàn. Láti ọdún 2001 ni bíréèkì ọ̀pọ̀ SL yìí ti jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní SBC, tí kọ̀ǹpútà àti páńpù iná mànàmáná ń darí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìlẹ̀kùn tàbí tẹ bọ́tìnì kọ́kọ́rọ́, páńpù náà lè jí kí ó sì ti pístìnì bíréèkì jáde pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ ìka fítà tó ń pààrọ̀ páàdì. Kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mú un sùn kí ọwọ́ tó kan án, fítà tí kò bá ní kọ̀ǹpútà náà kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì SL wọ̀nyẹn, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá jù lọ, nítorí pé ọmọ-iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rán sí ìdí táyà. Páńpù SBC tún ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ bíréèkì, bí ó bá sì dé òpin, yóò béèrè ìpààrọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tó ń dá ònkà yẹn padà sí òdo ń ta ewu, nítorí pé mọ́tò inú páńpù kò di tuntun nítorí ònkà.

Páàdì tó fara da ooru àti rọ́bà bíréèkì tí wọ́n fi wáyà irin hun sára ni àfikún tó yẹ. Páàdì ìdíje, tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó dì mú, kò bá ìlú tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ mu.

Ara ọkọ̀, àwọ̀ àti ìró

Bónẹ́ẹ̀tì SL àti búùtù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kì í ṣe irin. Pánẹ́lì-bítà tó ń fi òòlù àti ẹ̀rọ ìjórin kan náà tó fi ń ṣe irin ṣe é yóò fi ẹ̀rún irin sínú rẹ̀, níbi tí alumíníọ̀mù àti irin bá sì ti fara kan ara wọn nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti Labadi tàbí Osu, ìpẹtà funfun yóò máa wú lábẹ́ ọ̀dà láàárín òjò méjì. Kí bóòtì tó mú bọ́ńpà àfikún jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, kí nǹkan sì wà láàárín rẹ̀ àti alumíníọ̀mù. Bọ́ńpà tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe dára ju ti fáíbà lọ, nítorí òkìtì adínsáré.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa àwọ̀ ọkọ̀ dà lẹ́wà, ó sì ń dáàbò bo ọ̀dà, ṣùgbọ́n oòrùn Accra máa ń gbẹ ẹ́ kíákíá ju bí àwọn tó ṣe é ti sọ lọ, pàápàá lórí bónẹ́ẹ̀tì, bí ó bá sì ti gbẹ jù, yóò ṣí pẹ̀lú ọ̀dà. Kí ọlọ́kọ̀ tó bá lò ó ti ṣètò bí yóò ṣe yọ ọ́ kí ó tó le.

Sáléńsà àfikún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà nítorí ìró, ìró ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ sì dùn lóòótọ́ nígbà tí òrùlé bá ṣí. Irú èyí tó ní ìlẹ̀kùn kékeré tí awakọ̀ lè pa dé ló yẹ ìlú, nítorí pé ìwọ̀n ariwo tí àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Gánà là sílẹ̀ fún àdúgbò ibùgbé jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 ní ọ̀sán àti 48 ní òru, ó sì tún jẹ́ pé kí ọdún Homowo àwọn Ga tó dé, nǹkan bí oṣù kan ni ìlú fi ń dá ìlù lílù àti ariwo dúró. Ẹni tó jẹ́ àlejò nílùú ní láti bọ̀wọ̀ fún àkókò yẹn ju onílùú lọ.

Agbára ẹ́ńjìnnì

Pulí kékeré tó ń mú supercharger yí yára, àti ètò tuntun fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ni ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń gbé agbára SL 55 sókè. Ohun tó ń pinnu àṣeyọrí wọn ni nọ́ńbà RON, ìwọ̀n tó ń sọ bí bẹntiróòlù ṣe lè gba ìfúnpá tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Bẹntiróòlù lásán ní Gánà jẹ́ 91, àwọn ilé epo kan sì ń ta 95, nígbà tó jẹ́ pé 98 ni púpọ̀ nínú àwọn ètò tí wọ́n ń tà láti Jámánì gbà pé ọkọ̀ ń mu. Bí epo bá gbiná ṣáájú àkókò, ìró rẹ̀ yóò dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kọ̀ǹpútà yóò sì fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn láti gba pístìnì là; agbára tí wọ́n fowó rà yóò lọ, ooru rẹ̀ yóò sì kù. Nítorí náà, ètò tí wọ́n kọ fún 95 nìkan ni kí ọlọ́kọ̀ gbà, kí ó sì ní kí ẹni tó kọ ọ́ fi àkọsílẹ̀ hàn án nípa bí ooru afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì àti àkókò iná plọ́ọ̀gì ṣe rí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 lójú ọ̀nà ní ọ̀sán. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, kí wọ́n má san owó.

Ìwé

Ọkọ̀ tí wọ́n bá yí àwọ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí DVLA, àjọ tó ń fi orúkọ ọkọ̀ àti awakọ̀ sílẹ̀ ní Gánà, kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí pé ọlọ́pàá tó bá rí ọkọ̀ dúdú tí ìwé rẹ̀ ní funfun ní ẹ̀tọ́ láti fura. Ìlànà ìrìnnà ti ọdún 2012, tí wọ́n ń pè ní L.I. 2180, fi fèèrè ọlọ́pàá, èyí tí wọ́n ń pè ní síréènì, sílẹ̀ fún ọkọ̀ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́, fún ọlọ́pàá, panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn, àwọn tó ń fi í sára ọkọ̀ afẹ́ sì ń ṣẹ̀ sí òfin náà. Kò sí ààyè fún ọkọ̀ tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, nítorí pé apá ọ̀tún ọ̀nà ni Gánà ti ń wa ọkọ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 1974. SL tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kò dára fún ohunkóhun ju kí wọ́n tú ẹ̀yà rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹ̀yà àfikún, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ àti ìwé ìrajà rẹ̀, kí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tí kò sí nínú ìwé wọn ni wọn kì í san owó rẹ̀, wọ́n sì lè fi àfikún tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀tọ́ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n di gbogbo ẹ̀yà ojúlówó tí wọ́n yọ, láti orí ríìmù dé orí sáléńsà, sínú ọ̀rá, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ tó jìnnà sí afẹ́fẹ́ òkun, nítorí pé ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọ̀la yóò béèrè wọn, iye tí yóò san yóò sì yàtọ̀ gan-an bí wọ́n bá wà tàbí bí wọn kò bá sí.